Súìṣì Fúlótà Bọ́ílà: Bí A Ṣe Ń Dán An Wò, Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Wá Àìsàn Rẹ̀

Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń se oúnjẹ lọ́pọ̀ yanturu, tí ó ń pa aṣọ láró tàbí tí ó ń bọ ìrẹsì ní agbègbè Ìkòròdú, ìbáà jẹ́ ní Odógunyàn lójú ọ̀nà Ṣágámù tàbí ní Ìmọ́tà níbi tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńlá ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, sábà máa ń ní bọ́ílà kan lẹ́yìnkùlé tí ń pèsè oru omi gbígbóná tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní stíìmù. Nínú gbogbo ohun tí a so mọ́ bọ́ílà náà, súìṣì fúlótà ni mo kà sí èyí tí a ń fi ojú di jù. Bí omi bá relẹ̀, òun ni ó ń tan pọ́ǹpù kí omi lè wọlé. Bí omi bá dé ìwọ̀n, òun ni ó ń pa á. Bí pọ́ǹpù bá sì kọ iṣẹ́ tí omi ń lọ sílẹ̀ síwájú sí i, òun náà ni ó gbọ́dọ̀ pa bọ́nà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń dáná sí bọ́ílà, kí iná tó máa jó irin tí kò sí omi lẹ́yìn rẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ń dúró ti bọ́ílà lójoojúmọ́, àti fún fítà tàbí oníṣẹ́ iná tí wọ́n bá pè nígbà tí nǹkan bá dàrú. Kò rọ́pò àyẹ̀wò tí òfin Factories Act ti Nàìjíríà ní kí ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí máa ṣe fún bọ́ílà, kò sì rọ́pò ìwé tí ẹni tí ó ṣe bọ́ílà yín fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìwé náà bá sọ ohun tí ó yàtọ̀ sí èyí, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ohun tí ó wà nínú ìkòkò náà

Bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà, ẹ ó rí ìkòkò irin kan tí ó wà níta, tí páìpù méjì so pọ̀ mọ́ bọ́ílà. Páìpù òkè wọ ibi tí stíìmù wà, páìpù ìsàlẹ̀ sì wọ inú omi, èyí ni ó mú kí omi inú ìkòkò náà dúró ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú omi inú bọ́ílà. Fúlótà wà nínú rẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù irin tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ó ń léfòó, tí ó sì ń gbé ọ̀pá kan sókè sódò bí omi bá ti ń ṣe. Nínú àwọn kan, òòfà ni ọ̀pá náà gbé, òòfà yìí sì ń fa súìṣì láti ẹ̀yìn ògiri irin láìsí ihò kankan láàárín wọn. Nínú àwọn mìíràn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ wíwúnjọ tí ó ń nà tí ó sì ń súnkì ni ó di ojú ibi tí ọ̀pá ti yọ síta. Súìṣì inú àwọn tí ó ti pẹ́ lè jẹ́ ìgò kékeré tí mákúrì ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀. Orúkọ tí ẹ ó sábà rí lára wọn ni Mobrey, Magnetrol tàbí McDonnell & Miller, ọgbọ́n kan náà sì ni gbogbo wọn ń lò.

Bọ́ílà tí a ṣe dáadáa máa ń ní ìkòkò méjì tí wáyà wọn kò pa pọ̀. Èkíní ń darí pọ́ǹpù, ó sì ń pa bọ́nà bí omi bá kọ́kọ́ relẹ̀ jù. Bí omi bá padà, bọ́nà yóò tan fúnra rẹ̀. Èkejì wà nísàlẹ̀ díẹ̀, ó ń pa bọ́nà pátápátá, kò sì ní jẹ́ kí ó tan mọ́ àfi bí ènìyàn bá wá tẹ bọ́tìnnì rísẹ́ẹ̀tì. Bí bọ́ílà yín bá ní ẹyọ kan péré, ó yẹ kí ẹ bi ẹni tí ó fi í síbẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tí ń tọ́jú bọ́ílà mọ̀ kí ó tó mọ ohunkóhun mìíràn. Bí páìpù ìsàlẹ̀ bá dí, stíìmù tí ń gba páìpù òkè wọlé yóò máa tutù, yóò máa di omi, omi náà kò sì ní rí ọ̀nà padà sínú bọ́ílà. Ìkòkò yóò kún díẹ̀díẹ̀, fúlótà yóò sì wà lókè téńté nígbà tí bọ́ílà gan-an ń gbẹ. Bí ó bá sì jẹ́ páìpù òkè ni ó dí, stíìmù tí ó há sínú ìkòkò yóò tutù, prẹ́ṣọ̀ ibẹ̀ yóò relẹ̀, prẹ́ṣọ̀ inú bọ́ílà yóò sì ti omi gòkè sínú ìkòkò. Èyí ó wù kí ó dí nínú méjèèjì, irọ́ kan náà ni fúlótà yóò máa pa, pé omi wà. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀pọ̀ súìṣì tí wọ́n ní ó bàjẹ́ kò bàjẹ́ rárá. Ẹrẹ̀ ni ó wà nínú páìpù rẹ̀.

Ìdánwò òòjọ́

Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lọ sílé, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Gíláàsì omi, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà tí ń fi ibi tí omi inú rẹ̀ dé hàn, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí gíláàsì ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá fúlótà ń sọ òtítọ́, gíláàsì tí ó dí kò sì lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò ojú, kí ẹ má sì dúró sí ọ̀gangan ibi tí omi yóò tú sí.

1. Ẹ ti kọ́ọ̀kì (fáàfù kékeré) òkè gíláàsì àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ṣí èyí tí ń da omi nù lábẹ́ gíláàsì. Ohun tí ó wà nínú gíláàsì yóò ṣàn tán, yóò sì dá. Bí kò bá dá, ọ̀kan nínú kọ́ọ̀kì méjèèjì ń jò.
2. Ẹ ṣí ti ìsàlẹ̀ nìkan. Omi gbọ́dọ̀ tú jáde tagbáratagbára. Ẹ tì í padà.
3. Ẹ ṣí ti òkè nìkan. Stíìmù gbọ́dọ̀ fọn jáde láìdáwọ́ dúró. Ẹ tì í padà.
4. Ẹ ti èyí tí ń da omi nù, kí ẹ wá ṣí ti ìsàlẹ̀; omi yóò gun gíláàsì dé òkè. Ẹ ṣí ti òkè, omi yóò sì sọ̀kalẹ̀ kíákíá sí ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó wà.

Bí omi bá ń fà gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kí ó tó padà síbi ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀nà kan ti ń dí. Ẹ tún fara balẹ̀ wo omi tí ó wà nínú gíláàsì nígbà tí bọ́ílà ń ṣiṣẹ́. Omi tí ó sopọ̀ mọ́ bọ́ílà kì í dúró gbári. Ó máa ń mì díẹ̀, ó ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀ bí stíìmù ti ń jáde. Èyí tí ó dúró jẹ́ẹ́ láti àárọ̀, tí ìlà pupa kan sì ti gbẹ mọ́ gíláàsì níbi orí rẹ̀, kò bá bọ́ílà sọ̀rọ̀ mọ́. Òṣìṣẹ́ yóò máa sọ pé, “Ọ̀gá, omi wà nínú gíláàsì o,” òótọ́ ni ó sì sọ. Ẹ bi í bóyá omi náà ń mì.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá kan ìkòkò fúlótà. Bọ́nà gbọ́dọ̀ máa jó, omi sì gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró ti pánẹ́ẹ̀lì, àpótí iná tí a fi ń darí bọ́ílà, kí ó máa wo iná àti kọntáktọ̀, ìyẹn súìṣì ńlá inú rẹ̀ tí ń gbé iná lọ fún pọ́ǹpù àti bọ́nà, kí ẹnì kejì wá ṣí fáàfù ìdominù tí ó wà nídìí ìkòkò, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ílà ń pè ní blowdown. Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ kí fúlótà má baà já lulẹ̀ lójijì kí ọ̀pá rẹ̀ sì wọ́. Omi pípọ́n tàbí dúdú ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí ó ṣàn títí yóò fi mọ́. Láàárín èyí, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ tan, lẹ́yìn náà bọ́nà gbọ́dọ̀ kú. Bí ó bá jẹ́ ìkòkò kejì ni, áláàmù gbọ́dọ̀ dún, bọ́nà kò sì gbọdọ̀ tan padà àfi nígbà tí ẹ bá tẹ rísẹ́ẹ̀tì. Ẹ ti fáàfù, kí ẹ sì kíyè sí bí fúlótà ti ń padà: láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni pọ́ǹpù tàbí bọ́nà yẹ kí ó dáhùn. Bí ó bá pẹ́ púpọ̀, omi kò rí ọ̀nà wọlé dáadáa, páìpù ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fura sí.

Àwọn ìkòkò kan ní fáàfù oníkẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tí ó ń fọ páìpù òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti ń yí i. Ẹ yí i pẹ̀lẹ́, kí ẹ dúró díẹ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ dá a padà sí ipò iṣẹ́ pátápátá. Níbi tí fáàfù bá wà lórí páìpù méjèèjì tí ó so ìkòkò mọ́ bọ́ílà, ẹ fi ṣéènì àti àgádágodo há wọn ní ṣíṣí, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì tì wọ́n.

Bí bọ́nà kò bá kú nígbà ìdánwò yìí, ẹ fi ọwọ́ pa á lójú ẹsẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ pé kí a jẹ́ kí iṣẹ́ òní parí ná.

Ìdánwò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ dúró sórí ìdánwò òòjọ́ nìkan, àbùkù ńlá sì ni. Nígbà tí ẹ bá ṣí fáàfù ìdominù, omi inú ìkòkò ń sáré jáde, ó sì ń fa fúlótà wálẹ̀ tipátipá. Fúlótà tí ẹrẹ̀ ti mú lẹ́sẹ̀ lè tú lábẹ́ irú agbára bẹ́ẹ̀, kí ó sì dà bí ẹni pé ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù bá kú lóru, omi kò ní sáré. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ máa jẹ́ kí omi bọ́ílà gan-an lọ sílẹ̀ lábẹ́ àbójútó, bóyá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tàbí bí ìwé bọ́ílà yín bá ti là á sílẹ̀.

Ènìyàn méjì ni ó ń ṣe é, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ní àkókò náà. Ẹ kọ́kọ́ dán gíláàsì wò bí mo ti sọ lókè, kí ẹ fi àmì sí ibi tí omi wà. Ẹ dín iná bọ́nà kù sí èyí tí ó kéré jù, kí ẹ sì pa pọ́ǹpù ní pánẹ́ẹ̀lì. Ẹnì kan kò ní gbé ojú kúrò lára gíláàsì. Ẹnì kejì yóò fi ọwọ́ lé bọ́tìnnì tí ń pa bọ́nà. Bí stíìmù ti ń jáde, omi yóò máa relẹ̀. Níbi tí ìkòkò kìíní bá ti pa bọ́nà, ẹ fa ìlà sí ara irin ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Láti dán ìkòkò kejì wò, ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà tí ìwé bọ́ílà bá là sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ní bọ́tìnnì tí kì í jẹ́ kí ìkòkò kìíní pa bọ́nà, tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà tí ìdánwò bá ń lọ nìkan. Bọ́nà gbọ́dọ̀ ti kú kí omi tó kúrò nínú gíláàsì. Bí omi bá ti sún mọ́ etí ìsàlẹ̀ gíláàsì tí bọ́nà ṣì ń jó, ẹ pa á, ẹ tan pọ́ǹpù nígbà tí omi ṣì hàn, kí ẹ sì fi bọ́ílà sílẹ̀ títí a ó fi tún súìṣì ṣe.

Ẹ fi ìlà oṣù yìí wé ti oṣù tí ó kọjá. Bí ibi tí bọ́nà ti ń kú bá ń sọ̀kalẹ̀ láti oṣù dé oṣù, nǹkan kan ń di fúlótà lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ ṣì ń yege ìdánwò òòjọ́.

Bí nǹkan bá dàrú

*Omi ti relẹ̀ ṣùgbọ́n bọ́nà kò kú.* Èyí ni ó léwu jù, òun ni kí ẹ sì fara balẹ̀ wá ìdí rẹ̀. Ẹ yẹ páìpù méjèèjì wò fún ẹrẹ̀ àti èépá. Ẹ wo ọ̀pá fúlótà bóyá ó wọ́ tí ó sì ń ha ògiri ìkòkò. Tí ó bá jẹ́ elóòfà, ẹ wò ó bóyá eruku irin dípẹtà ti lẹ̀ mọ́ òòfà náà débi tí kò fi lè rìn. Lẹ́yìn èyí, ẹ pa iná mànàmáná láti orísun, ẹ yọ wáyà súìṣì kúrò, kí ẹ fi mítà wò ó bóyá iná ń kọjá nínú rẹ̀ nígbà tí fúlótà wà lókè àti nígbà tí ó wà nísàlẹ̀. Bí ìdáhùn mítà kò bá yí padà, ẹnu súìṣì ti jó mọ́ra. Bí ó bá yí padà dáadáa, ẹ tọ wáyà náà lọ títí dé pánẹ́ẹ̀lì, nítorí ó lè jẹ́ kọntáktọ̀ ni ó lẹ̀. Iná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, tí fóltéèjì rẹ̀ kò sì dúró sójú kan, máa ń mú kí kọntáktọ̀ gbọ̀n jìgìjìgì títí ẹnu rẹ̀ yóò fi jó pọ̀.

Ó ku ìdí kan tí ń bí mi nínú jù. Ẹ wo ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì dáadáa bóyá ẹnì kan ti so wáyà súìṣì ní dáírẹ́ẹ̀tì. Oníṣẹ́ iná tí wọ́n pè lóru, tí bọ́nà ń kú ṣáá, tí mánéjà sì ń béèrè pé ìgbà wo ni stíìmù yóò dé, lè fi wáyà kúkúrú kan so ẹnu méjèèjì pọ̀ kí ó sì sọ pé òun yóò padà wá lọ́jọ́ Ajé. Láti òru náà, bọ́ílà kò ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá rí i, kí ẹ sì sọ fún ọ̀gá pátápátá, kì í ṣe fún alábàáṣiṣẹ́ yín nìkan.

*Gíláàsì kún, síbẹ̀ bọ́nà ń kú, tàbí pọ́ǹpù kò fẹ́ dúró.* Fúlótà náà lè ti lu, kí omi ti wọ inú rẹ̀, kí ó sì ti rì. Ewu ti èyí kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó lè mú kí omi kún bọ́ílà débi tí omi yóò fi máa bá stíìmù jáde. Bí ẹ bá ti yọ fúlótà, ẹ mì í lẹ́bàá etí. Omi inú rẹ̀ yóò máa ró wọ́gẹ́wọ́gẹ́. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan tí ọkàn yín kò sì balẹ̀, ẹ rì í sínú korobá omi gbígbóná. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fẹ̀, èéhó wínníwínní yóò sì máa yọ níbi tí ó ti lu, ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójú ibi tí wọ́n ti jó irin méjèèjì pọ̀. Ẹ má ṣe gbé e fún wẹ́dà kí ó lẹ̀ ẹ́. Omi tí ó há sínú rẹ̀ yóò di stíìmù bí iná bá kàn án, fúlótà náà sì lè bú gbàmù lójú ẹni tí ń jó o. Ẹ ra òmíràn.

*Pọ́ǹpù ń tan, ó ń kú, ó ń tan, láìsinmi.* Omi inú bọ́ílà ni ó ń hó ní ìfófòó nítorí ìdọ̀tí àti iyọ̀ tí ó ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, fúlótà sì ń jó tẹ̀ lé e. Ẹ da díẹ̀ nínú omi bọ́ílà nù bí ó ti yẹ, kí ẹ sì yẹ oògùn omi wò. Tí omi bá mọ́, ẹ wo fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn lẹ́bàá pọ́ǹpù. Bí ó bá ń jò, omi tí pọ́ǹpù ti tì wọlé yóò máa padà jáde.

*Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n omi kò gòkè.* Ẹ má ṣe kan fúlótà. Ó ti ṣe tirẹ̀. Ẹ wo táǹkì omi bóyá ó ṣófo, ẹ fọ asẹ́ tí ó wà ṣáájú pọ́ǹpù, kí ẹ sì fọwọ́ sún mọ́ páìpù náà bóyá omi inú táǹkì ti gbóná jù, nítorí omi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hó máa ń di stíìmù lẹ́nu pọ́ǹpù, pọ́ǹpù kò sì ní rí nǹkan fà. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún jẹnẹrétọ̀ ṣe tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa wáyà tuntun, ẹ wo ọ̀nà tí pọ́ǹpù ń yí sí. Pọ́ǹpù oníwáyà mẹ́ta tí a bá pààrọ̀ méjì nínú wáyà rẹ̀ yóò máa yí sẹ́yìn, yóò máa pariwo bí ẹni pé iṣẹ́ ń lọ, omi tí ó sì ń tì kò ní tó nǹkan. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gba iná ìjọba lówùúrọ̀ tí wọ́n sì ń lo jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí: pọ́ǹpù kan náà yóò ṣiṣẹ́ dáadáa lójú ọ̀sán, yóò sì ya ọ̀lẹ lóru.

Ṣíṣí ìkòkò láti fọ̀ ọ́

Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni kí ẹ ṣe èyí, ṣùgbọ́n omi tí ẹ ń lò ni yóò sọ iye ìgbà gan-an. Omi kànga ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Ìkòròdú ní èròjà irin nínú. Ẹ bù ú sínú korobá funfun, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ ó sì rí bí yóò ti pọ́n tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò sì sùn sídìí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kan náà ni ó ń wá sùn sínú ìkòkò fúlótà, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń dúró jẹ́ẹ́ jù ní gbogbo ara bọ́ílà. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá sẹ́ omi rẹ̀ kí ó tó wọ táǹkì yóò máa ṣí ìkòkò léraléra ni.

Ẹ pa bọ́nà, ẹ pa iná láti orísun, kí ẹ fi àgádágodo sí i, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹni tí yóò ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí bọ́ílà tutù. Ẹ dúró títí mítà prẹ́ṣọ̀ yóò fi dé òdo, kí ẹ sì ṣí fáàfù afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè kí ó dá yín lójú, nítorí ọwọ́ mítà máa ń há nígbà mìíràn. Ẹ da omi bọ́ílà nù títí yóò fi relẹ̀ ju páìpù ìsàlẹ̀ lọ. Bí súìṣì yín bá jẹ́ onímákúrì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìgò rẹ̀ fọ́. Májèlé ni, oru rẹ̀ kò sì ní òórùn tí yóò kìlọ̀ fún ènìyàn. Èyí tí ó bá ti dúdú tàbí tí mákúrì rẹ̀ ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ẹ gbé e kúrò lódidi kí ẹ sì fi èyí tí kò ní mákúrì rọ́pò rẹ̀.

Ẹ fi bírò sàmì sí ojú ibi tí orí ìkòkò àti ara rẹ̀ ti pàdé kí ẹ tó tú u. Ẹ tú àwọn nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọ ara wọn, kí ẹ gbé orí náà sókè gbọọrọ láìyí i, nítorí fúlótà wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ kò sì fẹ́ kí a fi kọ́ ohunkóhun. Ẹrẹ̀ tí ẹ bá bá nínú ìkòkò, ẹ kó o síta kí ẹ sì wọn bí ó ti ga tó. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó.

Páìpù méjèèjì ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ẹ tú plọ́ọ̀gì tí ó wà níbi tí páìpù ti yà, kí ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì onírin gba inú rẹ̀ wọlé títí dé ara bọ́ílà. Kì í ṣe kí ẹ kàn da omi sí i. Omi lè kọjá nínú páìpù tí ihò rẹ̀ ti ṣẹ́kù bí abẹ́rẹ́. Tí èépá inú rẹ̀ bá ti le bí òkúta, ẹ gé páìpù náà kúrò kí ẹ fi tuntun sí i. Ẹ nu ọ̀pá àti òòfà pẹ̀lú aṣọ tí kò ní fọ́nrán, kí ẹ gbé fúlótà sókè kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀; ibi tí ó bá ti dúró díẹ̀ kí ó tó lọ, ibẹ̀ ni ó ti ń ha. Ẹ wo wáyà náà pẹ̀lú, nítorí ooru bọ́ílà máa ń mú kí rọ́bà wáyà lásán le kí ó sì máa já wẹ́wẹ́. Wáyà tí a ṣe fún ibi gbígbóná ni kí ẹ lò níbẹ̀.

Ẹ ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò pátápátá, ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ sì fún nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọ ara wọn, díẹ̀díẹ̀, ní ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti ti fáàfù orí páìpù méjèèjì, ẹ ṣí wọn padà. Ẹ kún bọ́ílà, ẹ dáná sí i, ẹ wò ó bóyá ó ń jò bí prẹ́ṣọ̀ ti ń gòkè, kí ẹ wá ṣe ìdánwò òòjọ́ àti ìdánwò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹ tó fi stíìmù ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá bá gíláàsì ní gbígbẹ tí iná sì ń jó

Ẹ pa bọ́nà. Ẹ má ṣe tan pọ́ǹpù, bí ó bá sì ń ṣiṣẹ́, ẹ pa á. Ẹni tí ó ti da omi sínú ìkòkò ọbẹ̀ tí ó gbẹ lórí iná rí mọ bí ó ti ń ta sókè. Nínú bọ́ílà, irin ti pọ́n, omi tí ó bá kàn án yóò di stíìmù lẹ́ẹ̀kan náà, stíìmù sì ń gba àyè tó ìlọ́po 1,600 omi tí ó ti jáde wá ní prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ lásán. Ẹ má ṣe ṣí fáàfù ìdáàbòbò láti tú prẹ́ṣọ̀ sílẹ̀, ẹ má sì ṣe ṣí tàbí ti fáàfù stíìmù ńlá lójijì. Ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde kúrò nínú ilé bọ́ílà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ yẹ irin inú rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó tún dáná sí i.

Bí ó bá jẹ́ èèpo ìrẹsì, èkùrọ́ tàbí igi ni bọ́ílà yín ń jó, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Súìṣì fúlótà kò lè pa iná igi. Fáànù àti ẹ̀rọ tí ń gbé èèpo wọlé nìkan ni ó lè dá dúró, ẹ̀yinná tí ó wà nínú ààrò yóò sì máa jó síwájú sí i fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, nínú irú bọ́ílà bẹ́ẹ̀, ibi tí áláàmù àkọ́kọ́ ti ń dún gbọ́dọ̀ ga ju ti bọ́nà oníepo lọ, ẹni tí ń dáná sì gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń ti ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ kí iná lè rọlẹ̀, láìda omi sí i.

Ní ti ohun tí ó yẹ kí ó wà ní ìṣúra: fúlótà kan pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, súìṣì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti orí ìkòkò yín mu, gásíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, gíláàsì omi méjì pẹ̀lú rọ́bà wọn, àti kọntáktọ̀ kan fún pọ́ǹpù. Kí ẹ tó ra súìṣì, ẹ ka fóltéèjì àti prẹ́ṣọ̀ tí wọ́n kọ sí ara èyí tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì gbé fọ́tò náà lọ sọ́jà, nítorí oríṣi méjì tí ó jọra bí ìbejì lè má gba prẹ́ṣọ̀ kan náà.